Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Jábọ̀ Ìdánwò Ìtọ́jú Eyín Ọmọdé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣègùn eyín ọmọdé, àwọn olùwádìí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.)

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin oníṣègùn eyín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ máa ń di ọwọ́ ọmọ mú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké lẹ́nu rẹ̀, ẹ kú àmójútó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo rí yín o. Ọ̀rọ̀ òní, tiyín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Mo gba òwe náà gbọ́ nínú ilé. Mo gbà á gbọ́ láàárín ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí òwe yìí ti ń pa wá lára: inú ìwé tí a fi ń jábọ̀ ìdánwò ìtọ́jú eyín ọmọdé. Níbẹ̀, a máa ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, a ó wá máa retí kí ẹni tó ń kà á fi ọgbọ́n inú rẹ̀ sọ ọ́ di odindi. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ di odindi? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni?

Lẹ́tà kan ló gbé mi dé ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣe ìdánwò kan. Oògùn méjì ni mo fi wé ara wọn, irú èyí tí a ń fi sórí mùdùnmúdùn eyín àkọ́hù, apá rírọ̀ inú eyín, lẹ́yìn tí a bá ti gé apá tó bàjẹ́ kúrò. Ìwé náà jáde nínú jọ́nà. Inú mi dùn, ẹni tó bá ṣèèṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo ń fi í hàn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí lẹ́tà tó dé láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin olùwádìí kan tí n kò rí rí. Ó ń kó gbogbo ìdánwò tó wà lórí ọ̀rọ̀ náà jọ, kó lè wo ohun tí àpapọ̀ wọn wí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi mí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló mú èsì kèké tí ẹ fi pín àwọn ọmọ sápá méjì lọ́wọ́ kí ọmọ tó wọ inú ìdánwò? Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ẹ kọ 60, ṣé ọmọ ni tàbí eyín? Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú àwọn ọmọ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, mélòó ni kò padà wá, apá wo ni wọ́n sì wà?

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lọ mú ìwé tèmi, mo kà á látòkè délẹ̀. Ìdáhùn ẹyọ kan kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo ṣe iṣẹ́ náà, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, n kò rí ohun tí mo ṣe nínú ohun tí mo kọ.

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ohun tí mo fi dá a lóhùn, n óò sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Ta ló rán wa níṣẹ́?

Kí n tó dé orí ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nígbà tí a bá ṣe ìdánwò tán, ta là ń jábọ̀ fún? Àwọn kan á ní olóòtú jọ́nà ni. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá fẹ́ sọ òtítọ́, á ní ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ta ló rán wa?

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ni. Wọ́n gbé e sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ìdajì àga náà. Kò lè ka ìwé ìyọ̀ǹda, òbí rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ohun tí a sì sọ fún òbí náà ni pé ohun tí a bá rí kọ́ lára ọmọ yìí yóò ṣe ọmọ mìíràn láǹfààní. Ìlérí yẹn ló mú un fọwọ́ sí i. Tí a bá wá kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè lò, abẹ́rẹ́ tí ọmọ náà gbà, lásán ni. Ẹkún tó sun, lásán ni. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ kó lè gbé e wá, lásán ni.

Ìkéde Helsinki, ìlànà àwọn oníṣègùn àgbáyé lórí ìwádìí tí a ń fi ènìyàn ṣe, ti wà láti 1964. Àtúnṣe rẹ̀ ti 2008 sọ ọ́ gbangba pé kí a forúkọ gbogbo ìdánwò sílẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, kí a sì tẹ èsì jáde, ìbáà jẹ́ èyí tó wù wá tàbí èyí tí kò wù wá. Àwọn tó sì ń dúró de àbọ̀ náà kò kéré. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022, ọmọ tó tó mílíọ̀nù 514 ló ní eyín àkọ́hù tó ń jẹrà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ta ló mú kèké lọ́wọ́?

Gbogbo wa la mọ ìdí tí a fi ń ṣẹ́ kèké. Tí a bá fẹ́ mọ ìtọ́jú tó dára jù nínú méjì, ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ yan ẹni tó máa gba èyí àti ẹni tó máa gba ìyẹn. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ kèké pín sí. Àkọ́kọ́ ni ṣíṣẹ́ ẹ. Èkejì ni fífi èsì rẹ̀ pamọ́ títí ọmọ yóò fi wọlé. Kọ̀ǹpútà ìbáà ṣẹ́ kèké tó mọ́ jù láyé, bí dókítà bá ti lè rí èyí tó kàn, kèké ti bàjẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwa. Ọmọ kan wọlé, ó ti ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú pinpin. Dókítà mọ̀ pé èyí tó kàn ni ìtọ́jú gígùn, èyí tó ní abẹ́rẹ́ nínú, tó máa gba ogójì ìṣẹ́jú. Kí ni yóò ṣe? Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àánú ló máa ṣe é. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí ti èyí di ọ̀la." Ọmọ tó tẹ̀lé e, tó jókòó jẹ́ẹ́, ni yóò bọ́ sínú ìtọ́jú gígùn. Kí irú èyí ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́wàá, àwọn ọmọ onísùúrù á ti gbá jọ sápá kan, àwọn ẹlẹ́kún á wà lápá kejì. A ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ́jú gígùn ló dára jù. Ṣé ìtọ́jú ló dára ni, àbí àwọn ọmọ ló jẹ́ẹ́?

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ kèké le nínú iṣẹ́ eyín ọmọdé ju ibòmíràn lọ. Àgbàlagbà lè bo ẹ̀rù rẹ̀ mọ́ra. Ọmọdé kì í bò ó. Kí ó tó dé orí àga, gbogbo wa ti mọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí.

Nínú ìdánwò tèmi, àpòòwé tí a lẹ̀ pa la lò. Mo gbà pé mo ti ṣe é dáadáa. Àfi lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tó bá mi ṣiṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì. A ń rántí ìgbà àtijọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, ẹ ò mọ̀ pé mo máa ń gbé àwọn àpòòwé yẹn síwájú iná orí àga? Ọmọ tó bá ti rẹ̀, mo máa ń wá èyí tó rọrùn fún un." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, oorun kò kun ojú mi. Iná orí àga wa, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wo ló máa dí i lọ́nà?

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀. Ní 1995, Kenneth Schulz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìdánwò 250 wò, èyí tí a ṣe lórí oyún àti ìbímọ. Àwọn tí kò fi èsì kèké pamọ́ dáadáa sọ agbára ìtọ́jú di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ, ní nǹkan bí ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tí ìwé wọn kò sọ bóyá wọ́n fi í pamọ́ tàbí wọn kò fi í pamọ́, tiwọn náà wú ní nǹkan bí ìdá 30. Ẹ gbọ́ mi yé: àwọn tó kàn dákẹ́ ni mo wí. Nǹkan sábà máa ń wà lábẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ìwé.

Ẹ wá wo èyí. Ìwé ìdánwò oògùn streptomycin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí oníṣirò Austin Bradford Hill ṣètò kèké rẹ̀, jáde ní 1948. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni èsì kèké wà, pé orúkọ ilé ìwòsàn àti nọ́ńbà nìkan ló wà lára àpòòwé, pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí kò mọ bí èsì ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Gbólóhùn bíi mélòó kan ló gbà wọ́n. Lónìí ńkọ́? "A pín àwọn ọmọ bí kèké ṣe mú." Ó parí. Nígbà mìíràn tí a bá tún wádìí rẹ̀ wò, nọ́ńbà fáìlì ni wọ́n lò: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pín sí méjì dọ́gba lọ sọ́tùn-ún, ẹni tí tirẹ̀ kò pín dọ́gba lọ sósì. Ṣé kèké nìyẹn? Kèké tí gbogbo ilé mọ èsì rẹ̀ ní àárọ̀?

Ìbéèrè kejì: ṣé ọmọ ni tàbí eyín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti ń yọ̀.

Àǹfààní ńlá kan wà nínú iṣẹ́ wa tí àwọn oníṣègùn ọkàn kò ní. Ẹnì kan kì í ní ọkàn méjì, ṣùgbọ́n ọmọ kan lè ní eyín ẹ̀yìn tó ń jẹrà lọ́tùn-ún, kó ní irú rẹ̀ lósì. A lè fi ìtọ́jú kan sápá ọ̀tún, ká fi èkejì sápá òsì, kí ọmọ kan náà jẹ́ òṣùwọ̀n ara rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ló ń di ọ̀fìn. Ká ní mo mú ọmọ 15, mo tọ́jú eyín mẹ́rin mẹ́rin lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá kọ 60 sórí ìwé. Ṣé mo purọ́? N kò purọ́. Ṣé mo sọ òtítọ́? Ẹ̀yin ni kí ẹ dáhùn.

Eyín mẹ́rin inú ẹnu kan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Itọ́ kan náà ló ń ṣàn lé wọn lórí, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń fọ̀ wọ́n, ọwọ́ kan náà ló ń kó nǹkan dídùn sí wọn lára. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò yani lẹ́nu bí èkejì bá tẹ̀lé e. Tí mo bá bi ẹnì kan ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣé mo lè sọ pé ènìyàn mẹ́rin ló dá mi lóhùn? Oníṣirò lè tún un ṣe, ọ̀nà tí a fi ń ṣe é wà. Ṣùgbọ́n kò lè tún un ṣe bí ìwé kò bá sọ iye ọmọ, iye eyín, àti iye eyín tó wà lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní 2017 ni wọ́n ṣe àfikún CONSORT, ìlànà tó ń sọ ohun tó yẹ kí ìwé ìdánwò ní, fún irú ìdánwò tí ara ẹnì kan ti ń gba ìtọ́jú méjì, nítorí irú àṣìṣe yìí.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tó ṣe é bó ṣe yẹ wá. Norna Hall, dókítà eyín ní Scotland, máa ń fi fìlà irin bo eyín ẹ̀yìn ọmọdé tó ń jẹrà láìgún abẹ́rẹ́, láìgbẹ́ eyín rárá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló mi orí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣé a kò ní yọ ibi tó bàjẹ́ kúrò ni? Ní 2007, ìwé ìdánwò tí Nicola Innes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí ọ̀nà yìí jáde. Ọmọ 132, eyín méjì méjì lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan gba fìlà, èkejì gba bí dókítà wọn ṣe máa ń dí eyín tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí 124 nínú àwọn ọmọ náà fún oṣù 23 ó kéré tán. Ìkùnà tó lágbára, irú bí ìrora tàbí kí eyín kẹ̀, jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lápá fìlà, ó jẹ́ ìdá 15 lápá kejì. Ẹni tó fẹ́ bá wọn jiyàn rí ohun tó máa fi jiyàn. Ẹni tó fẹ́ gbà á rí ohun tó máa dì mú. Ẹni tó bá ṣì ń mi orí lẹ́yìn ìyẹn, ó kéré tán ó mọ ohun tó ń mi orí sí.

Ẹ wá fi wé ibi tí iṣẹ́ tèmi bọ́ sí. Nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó èsì ìdánwò ìṣègùn jọ, tún àkójọ wọn ṣe ní 2018 lórí ìtọ́jú mùdùnmúdùn eyín àkọ́hù tó ti bàjẹ́ gan-an, ìdánwò 87 ni wọ́n kó jọ, eyín 7140. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe pè é: eyín. Iye tó pọ̀ ni 87 o. Kí ló dé tí apá tó pọ̀ nínú ìbéèrè ìtọ́jú yẹn fi wà nílẹ̀ síbẹ̀? Kékeré kékeré ni àwọn ìdánwò náà, ibì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ wọn, ojúsàájú sì lè wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. A ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ọwọ́ kò sì tẹ ohun tó pọ̀.

Ìbéèrè kẹta: àwọn tí kò padà wá dà?

Ọmọdé kì í gbé ara rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn. Bí òbí bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ó tán. Bí eyín bá sì dẹ́kun dídùn, ìyá á ní kí ló tún kù. Bí eyín bá ń dun ọmọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ńkọ́? Òbí mìíràn á bínú, á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ìtọ́jú wa ṣe lóore lè má padà wá, ẹni tó ṣe ní jàǹbá náà lè má padà wá. Ẹni tó bá kàn kọ pé "àwọn tó kù ni a ṣírò", ó ti fi ilẹ̀ bo ohun tó yẹ ká wò.

Eyín àkọ́hù tún ní ìṣòro tirẹ̀: ó máa ń ré. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà sí ọdún méjìlá, ogún eyín yẹn á ré tán, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Eyín tó ré ní àsìkò rẹ̀ láìdun ọmọ, ṣé àṣeyọrí ni, àbí ẹni tó já lójú ọ̀nà? Èrò tèmi ni pé àṣeyọrí ni, nítorí kí eyín náà wà láìdunni títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó la ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè rò ó lọ́nà mìíràn, kò burú. Ohun tó burú ni kí a má sọ ọ̀nà tí a gbà rò ó.

Àwòrán kan wà tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí: mélòó la yẹ̀ wò, mélòó ló wọlé, mélòó ló bọ́ sápá kọ̀ọ̀kan, mélòó ló já, kí ló dé, mélòó la ṣírò. Ojú ìwé kan péré ni. Bí n bá fẹ́ ka ìwé ìdánwò báyìí, àwòrán yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó wo orúkọ àwọn tó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ díẹ̀

Èyí tó kù, mo fẹ́ sáré gba orí wọn kọjá.

Dídi ojú, ìyẹn kí ẹni tó ń wo èsì má mọ ìtọ́jú tí ọmọ gbà. Fìlà irin ń tàn lẹ́nu ọmọ. Oògùn silver diamine fluoride, tí a fi ń dá eyín jíjẹrà dúró, ń sọ ibi tó ti jẹrà di dúdú bí èédú. Ta lẹ fẹ́ tàn? Síbẹ̀ a ń ka ìwé tó sọ pé ojú gbogbo ènìyàn dí. Ẹ kúkú sọ ẹni tí kò mọ̀ àti ẹni tó mọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ọ́ pé kò ṣeé ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìrora. Ọmọ ló yan ojú tó ń sunkún nínú àwòrán tí a fi ń wọn ìrora ni, àbí ìyá ló yàn án fún un? Òṣùwọ̀n Frankl fún ìwà ọmọ lórí àga ti wà láti 1962, ipele mẹ́rin péré ló ní. Ta ló fi wọn ọmọ náà? Ṣé dókítà tó fẹ́ kí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni?

Èsì tí kò wù wá. Ìdánwò FiCTION, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, pín ọmọ 1144, láti ọdún mẹ́ta sí méje, sí ọ̀nà ìtọ́jú mẹ́ta ní England, Scotland àti Wales. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ọ̀kan ju èkejì lọ ní dídènà ìrora àti kíkẹ̀ eyín. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tí ì bá wá ohun kékeré kan tó yàtọ̀ lábẹ́ tábìlì kẹfà, kí wọ́n sì gbé e sí ìparí ìwé bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jí lọ́jọ́ náà. Nítorí irú wọn ni àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ṣe ní láti 2005 pé àwọn kò ní gba ìdánwò tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Ohun tó wà nínú ìforúkọsílẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́.

CONSORT, àti àwa tí a ń fi í ṣeré

Ìlànà tó sọ gbogbo ohun tí mo ń wí yìí ti wà láti 1996. CONSORT ni. Wọ́n tún un ṣe ní 2001, wọ́n tún un ṣe ní 2010 pẹ̀lú ohun 25 tó yẹ kí ìwé sọ, èyí tó jáde ní 2025 sì ní 30. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ló wá dé tí ìwé wa ṣì rí báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò. Àwa la sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù. A ó kọ ìwé tán, ó ku ọ̀la ká fi ránṣẹ́, a ó wá ṣí àkọsílẹ̀ CONSORT, a ó máa kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí i. "Fífi èsì kèké pamọ́: ojú ìwé 4." Ojú ìwé 4 kò sì sọ nǹkan kan. Olóòtú kò ṣí i wò. Èmi tí wọ́n ní kí n yẹ ìwé náà wò, ṣé mo ṣí i wò? Lọ́pọ̀ ìgbà, n kò ṣí i. Ẹ̀bi náà kò wà lórí ẹni tó kọ ọ́ nìkan. Àsìkò tó yẹ ká ṣí CONSORT ni ìgbà tí ọmọ kankan kò tíì gun orí àga. Ẹni tó bá kà á nígbà náà yóò mọ̀ pé òun ní láti ka àwọn tó já, yóò sì kà wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí nígbà kan pé, "Bí ìdánwò bá burú ńkọ́? Ṣé ìwé tó dára lè tún un ṣe?" Kò lè tún un ṣe. Ó kàn máa jẹ́ ká rí i pé ó burú ni. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Ní 2009, àwọn olùwádìí méjì, Iain Chalmers àti Paul Glasziou, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a ń ná sórí ìwádìí ìṣègùn ló ń ṣòfò, ìwé tí kò ṣeé lò sì wà lára ohun tó ń fà á. Nínú iṣẹ́ tiwa, ọmọdé wà lára ohun tí a ń ná.

Ohun tí mo kọ padà

Mo ṣèlérí pé n óò sọ ìdáhùn mi. Mo wá àwọn fáìlì náà. Ilé ìwòsàn ti kó ilé ẹrù wọn, wọ́n ti da àwọn àpótí nù. Mo kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà báyìí: "Inú àpòòwé ni kèké wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti wo inú rẹ̀, mo sì pẹ́ kí n tó mọ̀. Eyín ni 60. Iye ọmọ, n kò rántí mọ́. Àwọn tí kò padà wá, n kò kà wọ́n."

Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi dá mi lóhùn. Ó dúpẹ́ gan-an, ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tí òun kọ̀wé sí kò dáhùn rárá. Ó ní òun ti fi ìdánwò mi sí ìsọ̀rí àwọn tí kò lè wọ inú ìṣirò.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Ọwọ́ kan ti wà lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, láti ìgbà tí mo ti ń sọ ti àpòòwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.